Ìdọ̀bálẹ̀ Ọjọ́ Kẹrin

Fún ọdún mẹ́fà, mi ò jẹ́ kí aṣọ kan ẹsẹ̀ mi òsì. Bí mo bá wọ ṣòkòtò, n ó ká apá òsì rẹ̀ dé orúnkún, n ó fi ti ọ̀tún sílẹ̀ kó wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń jáde ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, èmi tí mo fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì, tí mo máa ń yẹ ìmúra wọn wò kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ìkángun òpópónà wa kì í jẹ́ kí n kọjá lásán.

"Bàbá, òjò ò tíì rọ̀ o. Odò wo lẹ fẹ́ là kọjá?"

"Ìwọ ṣáà máa ta búrẹ́dì ẹ. Bó bá rọ̀, èmi nìkan ni mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa káṣọ."

Á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, n ó sì máa wọ́ ẹsẹ̀ mi lọ.

Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ náà ní egbò. Bí ẹ bá wò ó, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ó tín-ín-rín díẹ̀ ju èkejì lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá kàn án, bí ìgbà tí èèyàn ń da omi gbígbóná sí i ni. Afẹ́fẹ́ fáànù lásán ń dùn ún. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún mi ní eegun ẹ̀yìn nígbà tí ìyàwó mi ṣì wà láyé ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, eegun ti jókòó sí àyè rẹ̀, lóòótọ́ sì ni ẹ̀yìn kò dùn mí mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni iná kan bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, ó gba ẹ̀yìn itan, ó dúró sí àtẹ́lẹsẹ̀, kò sì kú mọ́. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ ló bàjẹ́, ìròyìn èké ló sì ń gbé: iná kankan ò jó ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan ń ké pé iná ń jó òun. Mo gbé oògùn mì títí ọ̀fun mi fi kọ̀ ọ́. Àárín ìgbà yẹn ni ìyàwó mi ṣàìsàn tó sì kú. Mo jókòó tì í títí dé òpin, ṣùgbọ́n ní apá kan ọkàn mi, ẹsẹ̀ mi ni mò ń rò. Mi ò tíì rí ẹni tí n ó bẹ̀ pé kó dárí ìyẹn jì mí.

Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin ló ń bá mi gbé. Òun ló wá ìròyìn dókítà náà kàn, ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní òkè òkun, tó máa ń wálé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti tọ́jú irú wa ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Sùúrùlérè.

"Wáyà ni wọ́n máa fi sí i, Dádì. Wáyà tín-ín-rín báyìí. Á máa fi iná díẹ̀díẹ̀ tu iṣan yẹn nínú, kò ní lè ké mọ́."

"Iná kẹ̀? Èyí tó ń jó mi ò tíì tó?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣáà lọ gbọ́ tẹnu ẹ̀ ná."

A lọ. Dókítà náà kéré sí bí mo ṣe rò. Ó fi páálí kékeré kan hàn mí tí kò ju páálí ìṣáná lọ, àti wáyà kan tó dà bí okùn ìránṣọ tó nípọn. Ó ní ìṣísẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìdánwò: òun á ti wáyà náà sí inú eegun ẹ̀yìn mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mùdùnmúdùn tó wà nínú rẹ̀, páálí tó ń fún un níná á sì wà níta, lára bẹ́líìtì. Ọjọ́ méje ni n ó fi gbé e kiri. Bí ìrora bá wálẹ̀ dé ìdajì, tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjèèje, òun á wá fi èyí tó máa wà lára mi títí láé sí i, wáyà àti bátìrì, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ awọ. Bí kò bá dúró, òun á fà á yọ, a ó sì kí ara wa pé ó dàbọ̀.

"Ọjọ́ méje tó pé pérépéré ni mo fẹ́, Bàbá. Èmi ni mò ń gbé àwọn nǹkan yìí wá fúnra mi, mi ò sì ní púpọ̀. Mi ò lè fi sínú ara ẹni tí kò dá mi lójú pé ó máa ràn lọ́wọ́. Ọjọ́ keje yẹn náà ni mò ń padà."

Ojú mi là nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Wọ́n ní kí n dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa ojú ibẹ̀ kú, ṣùgbọ́n wọn ò pa èmi fúnra mi, nítorí dókítà nílò ẹnu mi. Bó ṣe ń ti wáyà náà gòkè, ó ń bi mí léèrè.

"Níbo ló ti ń ṣe yín báyìí, Bàbá?"

"Ìdí."

"Báyìí ńkọ́?"

"Itan. Ṣùgbọ́n ti ọ̀tún ni."

"Ìyẹn kọ́ la wá bá. Báyìí?"

Ohun kan bí èèrà kéékèèké tí kì í jẹni ń rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn itan mi òsì. Wọ́n gba ojúgun, wọ́n tàn ká àtẹ́lẹsẹ̀. Ọ̀nà tí iná ń gbà láti ọdún mẹ́fà wá gan-an ni wọ́n ń gbà, bí wọ́n sì ṣe ń kọjá ni iná ń kú lẹ́yìn wọn.

"Bàbá, àbí ẹ ti sùn ni?"

"Mi ò sùn. Má ṣí i nípò mọ́. Fi í síbẹ̀ yẹn."

Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní kó fi òwú nu ojú mi. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé omi ń jáde níbẹ̀.

Wọ́n fi pílásítà lẹ wáyà mọ́ mi lẹ́yìn, wọ́n so páálí mọ́ bẹ́líìtì, wọ́n fún ọmọ mi ní ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní òkè òkun, níbi tí wọ́n to àwọn ohun tí mi ò gbọdọ̀ ṣe sí. Nílé, a kà á pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò gbọdọ̀ tẹ̀. Mi ò gbọdọ̀ yí ẹ̀yìn po. Mi ò gbọdọ̀ na ọwọ́ kọjá èjìká. Mi ò gbọdọ̀ gbé ohun tó bá wúwo ju kẹ́tùrù omi lọ. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ gbá gọ́ọ̀fù, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ajá fò mọ́ mi. A rẹ́rìn-ín sí gọ́ọ̀fù. Ọmọ mi ní kí n má bínú, òun á bá mi sọ fún àwọn tí a jọ ń gbá a. Ó kó bàtà olókùn mi pamọ́, ó gbé àwo àti ife sí ibi tí ọwọ́ mi ti lè tó wọn láì tẹ̀. Ó pe àwọn ará ìjọ pé kí wọ́n má tíì wá kí mi. Ó rò ó títí, ó rò ó já.

Ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú ìwé yẹn tí wọ́n kọ ọ́ sí pé aláìsàn kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ pé ẹnì kan wà láyé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa tí a mọ̀, a ò rántí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ní ẹsẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ kìíní, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ òsì tẹ símẹ́ńtì tútù ní bálùwẹ̀, mo sì dúró síbẹ̀ títí ọmọ mi fi kan ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fa ẹsẹ̀ náà sórí àga díẹ̀díẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi pa á láti orúnkún dé ibi tí ọwọ́ mi lè dé láì tẹ̀. Awọ rẹ̀ ti gbẹ bí ewé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó pẹ́ tí a ti ríra, èmi àti ẹsẹ̀ yẹn. Ìyàwó mi ló máa ń fi ìpara ra á fún mi tẹ́lẹ̀ rí, kó tó di pé mi ò lè gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, òun pàápàá. Mo rántí bó ṣe fa ọwọ́ rẹ̀ padà nígbà àkọ́kọ́ tí mo pariwo mọ́ ọn, tó jókòó pẹ̀lú ìpara lọ́wọ́, tí kò mọ ibi tí yóò nù ún sí.

Ní ọjọ́ kẹta, mo tú ṣòkòtò mi sílẹ̀, apá méjèèjì, mo rìn dé ìkángun òpópónà.

"Bàbá, òjò ti dá nìyẹn," ni ọlọ́búrẹ́dì wí. Lọ́jọ́ yẹn kò rẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní búrẹ́dì kan, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jù mí lọ. Bàbá wa kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní Èbúté Mẹ́ta nígbà náà, ó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní yáàdì rélùwéè, ó sì ní kí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí òun. Yàrá kan ni a jọ ń gbé, ní ilé alájà kan tí àwọn ayálégbé pọ̀ nínú rẹ̀ bí kóró inú ìbẹ́pẹ. Òun tí kò ka ìwé ju mẹ́rin lọ ló rán mi lọ sí yunifásítì. Nígbàkigbà tí mo bá ti ibẹ̀ wálé fún ìsinmi, n ó bá a lórí àga gbọọrọ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. N ó gbé àpótí mi kalẹ̀, n ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì. Ìgbà náà ni yóò wá fi ọwọ́ rẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ọwọ́ tó le, tí àpá iná irin kún inú rẹ̀, tí yóò máa pe oríkì mi. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi, yóò dé orí ti bàbá wa, yóò kọjá sí ti àwọn tó tẹ ilé wa dó, ogun tí wọ́n jà, ọ̀nà tí wọ́n gbà sá. Títí tí yóò fi parí, mi ò gbọdọ̀ dìde. Àwọn ayálégbé tó gbé omi a dúró tì wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó dìde, ọ̀nà dí."

"Ẹni tó bá ń kánjú, kó fò ó."

Wọn a fò mí. Omi a sì ta sí mi lára.

Nígbà yẹn, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní yunifásítì ti ń bọ baba wọn lọ́wọ́. A máa ń jókòó jiyàn pé ọmọ ènìyàn dọ́gba, pé ìdọ̀bálẹ̀ kò bá ayé òde òní mu. Èmi náà jiyàn bẹ́ẹ̀, mo sì jàre. Ṣùgbọ́n bí ìsinmi bá dé, ilẹ̀ ni mò ń lọ. Lórí símẹ́ńtì yẹn nìkan ni mo ti máa ń mọ̀ pé mo ti délé. Mo gbéyàwó, mo dàgbà, irun mi funfun, mo di ẹni tí àwọn mìíràn ń dọ̀bálẹ̀ fún, a ò dá a dúró. Òun náà ò sì sọ fún mi rí pé ó tó.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ mi ti lọ sí ibi iṣẹ́. Ọ̀sán ni. Mo dúró ní iwájú ilé, mò ń wo bí oòrùn ṣe mú lórí páànù àwọn ará iwájú, nígbà tí géètì ṣí, tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti àpò ọ̀rá kan. Òun nìkan ni. Ọmọ mi ti sọ fún un lórí fóònù pé a ó wá gbé e bí ọ̀sẹ̀ bá parí, ṣùgbọ́n ta ni í sọ fún àgbà pé kó má wá wo àbúrò rẹ̀. Ọkọ̀ méjì ló wọ̀ láti Èbúté Mẹ́ta, ní ọjọ́ orí tirẹ̀.

Mi ò rántí pé mo rò ó. Bí mo bá rò ó ni, ǹ bá ti dúró. Ara mi ló ṣe é. Ìgbà tí mo ń lọ sílẹ̀ ni mo mọ̀ pé nǹkan kan fà lẹ́yìn mi, kò dùn mí rárá, ó kàn rọra fà bí ìgbà tí okùn bá yọ lójú abẹ́rẹ́. Nígbà tí àyà mi fi kan ilẹ̀, àwọn èèrà náà ti kúrò ní ẹsẹ̀ mi. Ìhà mi ni wọ́n wà, lábẹ́ ọyàn òsì, wọ́n ń yí po níbẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà.

"Ẹ káàsán, sà."

Ó gbé àpò ọ̀rá sílẹ̀. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bà mí léjìká. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe oríkì mi.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sùn sílẹ̀, mò ń gbọ́ ọ bó ṣe ń ti orí mi bọ́ sí orí bàbá wa. Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó sì gbàgbé ibì kan, ó padà lọ mú un. Mi ò dìde. Mo dúró títí ó fi parí.

Ó jókòó tó wákàtí méjì. Òrí ló gbé wá, tí wọ́n wé sínú ewé, tí ẹnì kan bá a mú bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní kí n máa fi ra ẹsẹ̀ mi láàárọ̀. Ó wo ṣòkòtò mi, ó rí i pé apá méjèèjì wálẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó na ọ̀pá rẹ̀ sí i.

"Wò ó. Wò ó bó ṣe wálẹ̀. Ọlọ́run ò sùn."

"Kò sùn, sà."

Ó ń sọ ìtàn yáàdì fún mi, ti ọ̀gá kan tó máa ń fi òógùn rẹ̀ pa iná sìgá. Mo ti gbọ́ ọ ní àìmọye ìgbà. Mo rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí n ti rẹ́rìn-ín. Nísàlẹ̀, abẹ́ aṣọ, iná ti padà dé sí àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó ń gòkè bọ̀ ní sùúrù bí onílé tó rin ìrìn àjò tó sì padà wá gba yàrá rẹ̀. Mi ò lè ká ṣòkòtò náà níwájú rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní kí n sin òun dé ìta kí òun rí bí mo ṣe ń rìn. Mo sìn ín dé ibùdókọ̀. Mo rìn dáadáa.

Ìgbà tí ọmọ mi dé, mo ti ká ṣòkòtò.

"Dádì, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Iyanrìn wà láyà mi, ó wà ní iwájú orí mi. Ó rí ewé òrí lórí tábìlì. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, pẹ̀lú báàgì rẹ̀ léjìká.

"Bàbá Èbúté ló wá."

"Òun ni."

"Ẹ dọ̀bálẹ̀."

"Ṣé kí n dúró bí òpó iná ni?"

Ó bú sẹ́kún, ẹkún ẹni tó ti rẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó ń bínú. Mo ní kó lọ bọ́ bàtà rẹ̀.

Fíìmù tí wọ́n yà fún mi lọ́jọ́ kejì fi hàn pé wáyà náà ti yọ́ kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, ó tó eegun ẹ̀yìn méjì. Dókítà gbé fíìmù náà sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Kí lẹ gbé, Bàbá?"

"Mi ò gbé nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi ló wá."

Ọmọ Yorùbá ni. Ẹ̀rín fẹ́ gbà á lẹ́nu, ó fi ọwọ́ bò ó.

"Gbalaja?"

"Ṣé ìlàjì ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ nílé tiyín ni?"

"Lọ́dọ̀ tiwa, Bàbá, ọwọ́ la fi ń kan ilẹ̀ báyìí. Ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ tẹ̀ débẹ̀." Ó gbé fíìmù náà sílẹ̀. Ó ti dáwọ́ ẹ̀rín dúró. "Ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe ọjọ́ méje. Ẹni tí mo máa fi wáyà kejì sí lára ti wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún. Mi ò ní òmíràn, mo sì ń lọ lọ́jọ́ mẹ́ta òní. Ẹ ní sùúrù títí n ó fi tún wá."

Ó fa wáyà náà yọ. Kò gbà ju bí èèyàn ṣe ń yọ ẹ̀gún lọ. Oṣù méje ni a fi dúró dè é.

Mo ti máa ń rò pé ìyà lè mọ́ èèyàn lára. Tèmi ti mọ́ mi lára fún ọdún mẹ́fà, a jọ ń jẹun, a jọ ń lọ sí ìta. Àwọn ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló bà á jẹ́. Nígbà tí iná tún padà, ó bá ẹni tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbà á lálejò. N ó jókòó láàárọ̀, n ó máa wo símẹ́ńtì bálùwẹ̀. Mi ò lọ sí ìkángun òpópónà mọ́. Ọlọ́búrẹ́dì rán búrẹ́dì sí mi lẹ́ẹ̀mejì, kò bá a fi àwàdà ránṣẹ́.

Mo bẹ ọmọ mi pé kó má sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó sọ ọ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá, "Ẹ má bínú, sà, ẹ̀bi yín kọ́," léraléra, mo sì mọ̀ pé ó ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ò wá sílé wa mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́.

"Wọ́n ti yọ ọ́, sà. Kò sí wáyà kankan lẹ́yìn mi. Ẹ máa bọ̀."

"Bí wọ́n bá ṣe é tán, n ó wá. Mi ò ní fi ojú mi bà á jẹ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kejì."

Èmi náà ò lè jókòó sínú ọkọ̀ dé Èbúté Mẹ́ta. Fóònù ni a fi ń ríra. Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà rẹ̀, yóò pè. N ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," orí mi á sì tẹ̀ fúnra rẹ̀ sórí fóònù.

"Ṣé o dúró?"

"Mo dúró, sà."

"Dúró bẹ́ẹ̀. Má tẹ̀ o."

Ó di àwàdà láàárín wa. Ṣùgbọ́n kò pe oríkì mi lórí fóònù rí. Mo rò pé bóyá ó rò pé bí òun bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ara mi á tún lọ sílẹ̀.

Dókítà dé lẹ́yìn òjò. Wọ́n tún ti wáyà bọ ẹ̀yìn mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ mi gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ó ti géètì, ẹ̀gbọ́n mi sì dúró sí Èbúté Mẹ́ta. Ọjọ́ méje pé. Wọ́n là mí, wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sínú, bátìrì náà wà lábẹ́ awọ lókè ìdí mi, tó fi jẹ́ pé bí mo bá fara ti àga, mo ń mọ̀ pé àlejò kan wà níbẹ̀. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò gbọdọ̀ fi tẹ̀, títí ara mi yóò fi di wáyà náà mú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi pè láàárọ̀ bó ṣe máa ń pè.

"Ó kù mélòó?"

"Ó ku bí oṣù méjì, sà."

"Kò pẹ́ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, kò pè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló pè lọ́sàn-án. Ó ní Bàbá yọ̀ ṣubú nínú bálùwẹ̀, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Nílé tiwa, bí wọ́n bá tẹ́ òkú àgbà, àwọn tó kéré sí i a lọ síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, obìnrin a kúnlẹ̀, wọn a sì kí i ní ìkẹyìn. Wọ́n tẹ́ ẹ̀gbọ́n mi sí pálọ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Wọ́n ti lẹ táìlì mọ́ ilẹ̀, símẹ́ńtì náà ò sí mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, àwọn ọmọ mi dọ̀bálẹ̀, àwọn àgbàlagbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá na àyà sílẹ̀. Ó kàn mí. Mo rìn dé iwájú rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjì tí kò dùn mí, mo sì dúró. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àyà rẹ̀. Wọ́n ti fi nǹkan kun ún, àpá iná irin náà kò hàn dáadáa mọ́. Mo ní, "Ẹ káàsán, sà." Mo tẹ orí mi ba. Mi ò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Obìnrin àgbà kan láàárín àwọn ará ilé sọ ọ́ sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tó.

"Ẹ wò ó. Ẹni tó fi iná irin bo ara ẹ̀ kó lè rán an níwèé ló dúró lé lórí bí ajẹ́lẹ̀. Ìwé ò dáa."

Ọmọ mi yípadà sí i. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi wọ́n sílẹ̀."

"Dádì, wọn ò mọ̀."

"Òun mọ̀."

Mo dúró bẹ́ẹ̀ bí àwọn ènìyàn ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, títí wọ́n fi ní kí n yà fún àwọn tó kù.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ìrora ẹsẹ̀ mi ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ, mo ń wọ ṣòkòtò bí ènìyàn, mo sì ń lọ ra búrẹ́dì fúnra mi. Bí mo bá fẹ́, mo lè wọ ọkọ̀ dé Èbúté Mẹ́ta, ẹsẹ̀ á gbé mi dé iwájú ilé yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé tó wà níbẹ̀ ò mọ̀ mí. Òrí tó gbé wá ṣì wà ní ojú fèrèsé nínú ewé rẹ̀ tó ti gbẹ. Mo máa ń fi ra ẹsẹ̀ náà láàárọ̀, ní àkókò tó máa ń pè. Mo ń lò ó ní ìwọ̀nba.

Nígbà tí mo padà lọ rí dókítà, ó tẹ ojú ọgbẹ́ náà wò, ó wo fíìmù, inú rẹ̀ dùn.

"Wáyà ò mì rárá, Bàbá. Ó ti mú ibẹ̀ ṣinṣin. Ẹ ti lè tẹ̀ báyìí bó bá ṣe wù yín. Bí Bàbá yẹn bá tún wá, ẹ rọra dọ̀bálẹ̀ fún wọn."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò rí ìdí láti bà á nínú jẹ́, ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Èmi ni àgbà ilé wa báyìí. Bí ọdún bá dé, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á wá, wọ́n á na àyà sílẹ̀ ní iwájú mi, n ó fi ọwọ́ lé wọn lẹ́yìn, n ó pe oríkì wọn níwọ̀n tí mo mọ̀ ọ́n mọ. Mo ń dé orí bàbá wa. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ ọ̀nà mọ́, n ó sì ní kí wọ́n dìde.